Teachable Machine: apá ohùn ló wúlò jù ní kíláàsì

Irinṣẹ́ Google tí a fi ń kọ́ kọ̀ǹpútà láti dá ohùn tàbí àwòrán mọ̀ lórí ayélujára ni. Ọ̀fẹ́ ni, kò sì béèrè pé kí ẹ kọ kódù. Ẹ jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mú ọ̀rọ̀ méjì nínú èdè tí wọ́n ń sọ nílé. Ẹ kọ́kọ́ gba ariwo yàrá sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 20, lẹ́yìn náà ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ó kéré tán lẹ́ẹ̀mẹjọ. Ká sòótọ́, mẹ́jọ kò tó. Ẹ ṣe é tó 30. Bó bá jẹ́ ọmọ kan ṣoṣo ló sọ gbogbo rẹ̀, ẹ̀rọ náà á máa ṣi ohùn àwọn yòókù gbọ́. Ibẹ̀ gan-an ni kí ẹ ti bi wọ́n pé: ohùn ta ni kò sí níbẹ̀? Àbùkù rẹ̀ ni pé gbólóhùn gígùn kò lè wọ̀ ọ́. Ẹ má sì pa ojú ewé náà dé láì tíì fi iṣẹ́ yín pamọ́, gbogbo rẹ̀ ló máa lọ.