Ojú irin Bernina: ẹ fi Express sílẹ̀, ẹ wọ ọkọ̀ ojoojúmọ́

Bí ẹ bá ní kí n mú ìrìnàjò rélùwéè kan ṣoṣo nínú gbogbo èyí táwọn èèyàn ń pọ́n lé pé ó dùn ún wò, mi ò tiẹ̀ ní rò ó lẹ́ẹ̀mejì, ojú irin Bernina ni, èyí tó ti St. Moritz ní Switzerland gun òkè Alps, tó wá sọ̀ kalẹ̀ sí Tirano ní Ítálì. Kìlómítà 61 péré ni o. Ẹlòmíì á ní kí ló fẹ́ wà nínú 61. Ó lé ní wákàtí méjì tí rélùwéè yẹn máa ń lò lójú ọ̀nà, tẹ́ ẹ bá sì dé ibi tó ti ń yí kọ́nà lórí òkè, ẹ̀yin gan-an lẹ máa ní kó rọra.

Kí n tètè sọ tèmi kẹ́ ẹ lè bá mi jà látìbẹ̀rẹ̀: ẹ má wọ Bernina Express, rélùwéè tí wọ́n ṣe fáwọn tó ń wá wòran. Ẹ wọ ọkọ̀ ojoojúmọ́, rélùwéè táwọn ará ibẹ̀ ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Ojú irin kan náà ni wọ́n jọ ń tọ̀, afárá kan náà, òkè kan náà. Ti Express, ẹ máa sanwó ìjókòó lọ́tọ̀ lórí owó tíkẹ́ẹ̀tì, gíláàsì ẹ̀ ga, ó tẹ̀ wọ inú òrùlé lóòótọ́, ó sì rẹwà tẹ́ ẹ bá ń wò ó láti ìta, ṣùgbọ́n kì í ṣí. Gíláàsì tí kì í ṣí, tí oòrùn bá ti kọlù ú báyìí, fọ́tò tẹ́ ẹ bá yà á gbé ojú ẹ̀yin fúnra yín àti jákẹ́ẹ̀tì pupa ẹni tó jókòó lódìkejì lé orí òkè yìnyín. Ọkọ̀ ojoojúmọ́ ń wá ní wákàtí wákàtí, kò sí pé ẹ ń búùkù ìjókòó, wọ́n sì máa ń so àwọn kọ́ọ̀ṣì kan mọ́ ọn tẹ́ ẹ lè fa fèrèsé ẹ̀ wálẹ̀, afẹ́fẹ́ á wọlé, ẹ máa gbọ́ bí irin ṣe ń han nígbà tó bá ń yí kọ́nà. Kí lèèyàn tún ń wá?

Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn ọ̀nà yìí ju àwọn tó kù lọ ni pé ẹ máa ń rí iṣẹ́ tí rélùwéè náà ń ṣe. Kì í ṣe pé ó kàn ń gba ẹ̀gbẹ́ òkè kọjá, ó ń gùn ún ni. Láwọn ibì kan, gbogbo mítà 1,000 tó bá rìn, ó ti fi nǹkan bíi mítà 70 gòkè. Níbi tó bá ga tó báyẹn, ọ̀pọ̀ rélùwéè ló máa ń ní irin eléyín láàárín ojú irin tí wọ́n á fi máa họ òkè náà gùn. Bernina ò ní in. Táyà irin lórí irin lásán ni, pẹ̀lú iná mànàmáná, torí àtìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti fi iná mànàmáná ṣe é, ọdún 1910 ni wọ́n sì parí ọ̀nà náà látòkè délẹ̀. Ojú irin ẹ̀ ò fẹ̀, mítà kan péré ló wà láàárín irin méjèèjì, ìdí nìyẹn tó fi lè yí kọ́nà tó mú hánhán báyẹn. Ẹ yọ orí díẹ̀ lójú fèrèsé (díẹ̀ ni mo wí o, òpó wà níta), ẹ máa rí iwájú ọkọ̀ tẹ́ ẹ wà nínú ẹ̀ tó ń wọ ihò òkè nígbà tí kọ́ọ̀ṣì tiyín ṣì wà nínú oòrùn.

Tẹ́ ẹ bá ti kúrò ní St. Moritz, apá ọ̀tún ni kẹ́ ẹ jókòó sí. Ẹ jọ̀ọ́. Apá ọ̀tún ni òkè Piz Bernina, tó ga ní mítà 4,049, á ti yọ, òun àti odò yìnyín ńlá tí wọ́n ń pè ní Morteratsch. Yìnyín yẹn fẹ́ ba inú èèyàn jẹ́ díẹ̀, torí nígbà tí wọ́n la ojú irin, tòsí ibùdókọ̀ Morteratsch ló wà, àmọ́ ó ti yọ́ sẹ́yìn lọ ju kìlómítà méjì lọ báyìí, àfi kẹ́ ẹ fẹsẹ̀ rìn lọ bá a.

Lẹ́yìn ìyẹn lẹ máa dé Ospizio Bernina, mítà 2,253, ibẹ̀ ló ga jù. Ibí yìí ni mo máa ń ní kí gbogbo èèyàn ti fóònù bọ àpò kí wọ́n fojú wo nǹkan. Adágún méjì wà níbẹ̀ tí wọn ò jìnnà síra rárá. Ọ̀kan kéré, omi ẹ̀ dúdú. Ìkejì tóbi, omi ẹ̀ funfun bíi wàrà tí wọ́n bu omi lù, torí ìyẹ̀fun òkúta tí yìnyín ń lọ̀ kúrò lára òkè ló wà nínú ẹ̀. Omi dúdú yẹn á ṣàn lọ bá odò Danube, á sì bọ́ sínú Òkun Dúdú, èyí tó funfun á ṣàn gba Ítálì lọ sínú òkun Adriatic. Bí wọ́n ṣe sún mọ́ra tó yẹn, wọn ò ní pàdé láé.

Lẹ́yìn ibẹ̀, Alp Grüm. Ẹ bọ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kankan ò lè dé ibẹ̀, rélùwéè tàbí ẹsẹ̀ yín ni, torí náà tí ọkọ̀ tẹ́ ẹ bá wá bá ti lọ, ibẹ̀ á pa lọ́lọ́, ẹ máa rí àfonífojì Poschiavo nísàlẹ̀ àti ojú irin tẹ́ ẹ ṣì máa gbà tó ń lọ́ kọ́lọkọ̀lọ wálẹ̀ nínú igbó. Tó bá tó wákàtí kan, ọkọ̀ míì á dé. Ẹni tó bá wọ Express ò lè ṣe èyí, ìjókòó tó sanwó fún ti ń lọ nìyẹn.

Tirano ò ga ju mítà 429 lọ, ẹ bá mi ṣírò ẹ̀ láti 2,253, kìlómítà bíi 38 ló sì fi sọ̀ gbogbo ẹ̀. Ẹ wọ kóòtù lókè, ẹ máa bọ́ ọ tẹ́ ẹ bá débi tí igi àjàrà wà. Nítòsí Brusio, ilẹ̀ dà wálẹ̀ jù fún ọkọ̀ láti lọ tààrà, ni wọ́n bá kọ́ afárá olókùúta tó ká róbótó síta gbangba, rélùwéè á yí po odindi, á sì gba abẹ́ afárá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá lórí ẹ̀. Gbogbo èèyàn ló máa ń dìde níbẹ̀, kódà àwọn tó ti ń sùn. Tó bá wá wọ Tirano, àárín títì ló ń gbà, ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì ńlá ibẹ̀ báyìí, mọ́tò á dúró kó kọjá.

Àwọn tó kù ńkọ́? Glacier Express láti Zermatt dé St. Moritz, wákàtí bíi mẹ́jọ, ó dáa, ṣùgbọ́n mẹ́jọ ti pọ̀ jù fún ojú mi, tó bá di ọ̀sán mi ò mọ òkè tí mò ń wò mọ́. Flåm ní Norway, kìlómítà 20 tó fi mítà 866 sọ̀ kalẹ̀, dáadáa ni, wọ́n tiẹ̀ máa ń dúró kẹ́ ẹ wo omi tó ń dà látòkè, àmọ́ èrò pọ̀ níbẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn. Fort William sí Mallaig ní Scotland ni mo fi ṣe ìkejì, torí afárá Glenfinnan oníhò 21 yẹn àti torí pé ọkọ̀ ojoojúmọ́ ń gba orí ẹ̀ kọjá, kò dìgbà tẹ́ ẹ bá wọ ọkọ̀ eléèéfín olówó gegere.

Tẹ́ ẹ bá ráyè, Chur ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ gba ojú irin Albula dé St. Moritz. UNESCO kọ òun àti Bernina pọ̀ sínú ìwé ogún àgbáyé lọ́dún 2008. Afárá Landwasser wà lójú ọ̀nà yẹn, mítà 65 sókè, ó ń yí kọ́nà, ibi tó parí sí gan-an ni ihò òkè ti bẹ̀rẹ̀, láìsí ilẹ̀ kankan láàárín.

9 nínú 10 ni mo fún un. Kùrukùru ló gba ọ̀kan tó kù, torí tó bá bo òkè lọ́jọ́ tẹ́ ẹ lọ, ògiri funfun lẹ máa wò títí dé Poschiavo, kò sì sẹ́ni tó máa dá owó yín padà. Ẹ wo ojú ọjọ́ láàárọ̀ kẹ́ ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, ọkọ̀ ojoojúmọ́ gbà yín láyè láti ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ mú páàsìpọ́ọ̀tù dání o, ẹ máa kọjá bọ́dà.