TRREE: kọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́ tó yẹ kí ẹni tó fẹ́ ṣe health law àti medical ethics kọ́kọ́ ṣe

Ẹ̀yin èèyàn mi, ó pẹ́ tí mo ti fẹ́ kọ nǹkan yìí. Àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ní law kì í jẹ́ kí n sinmi, bí kíláàsì bá ti tú báyìí wọ́n á tẹ̀ lé mi dé ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì, "Ẹ jọ̀ọ́ ma, mo fẹ́ di olùkọ́ health law àti medical ethics ní yunifásítì, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀, ṣé kí n lọ ṣe Masters ní London ni?" (Health law ni òfin tó jẹ mọ́ ìtọ́jú ìlera, medical ethics ni ohun tó tọ́ àti ohun tí kò tọ́ nínú ìtọ́jú aláìsàn.) Ohun kan náà ni mo máa ń sọ fún gbogbo wọn, pé kí wọ́n ṣì fi owó yẹn pamọ́ ná, kí wọ́n lọ forúkọ sílẹ̀ ní TRREE, kí wọ́n ṣe é parí, kí wọ́n wá padà wá bá mi ká jọ sọ̀rọ̀. Torí náà ẹ jẹ́ kí n kúkú kọ review ẹ̀ síbí, kí n sọ ibi tó ti dáa gan-an àti ibi tó mọ.

TRREE (Training and Resources in Research Ethics Evaluation) jẹ́ kọ́ọ̀sì orí íntánẹ́ẹ̀tì lórí ethics ìwádìí ìlera, ìyẹn ohun tó tọ́ àti ohun tí kò tọ́ nínú ìwádìí tí wọ́n ń fi ara èèyàn ṣe. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n láti Áfíríkà àti Yúróòpù ló jọ gbé e kalẹ̀, Yunifásítì Neuchâtel ní Switzerland sì wà lára àwọn tó dì í mú. Ọ̀fẹ́ ni, wọn ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìmeèlì àti pásìwọ́ọ̀dù lẹ máa fi forúkọ sílẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ máa rí àwọn module níbẹ̀, Module 1 ni ìpìlẹ̀, 2.1 ń sọ bí ìgbìmọ̀ ethics ṣe ń yẹ ìwádìí wò, 3.1 wà fún consent, ìyẹn kí èèyàn fúnra ẹ̀ gbà kí wọ́n ṣe nǹkan sí òun lára, 3.2 wà fún Good Clinical Practice, ìyẹn ìlànà bó ṣe yẹ kí wọ́n máa dán oògùn wò lára èèyàn. Ìwé kíkà ló pọ̀ jù níbẹ̀, kì í ṣe fídíò, so kì í jẹ dátà, èèyàn lè máa kà á lórí fóònù nínú gò-ṣúlóò láti Berger dé CMS tí ọ̀nà bá di. Tí ẹ bá ka module kan tán wọ́n á bi yín ní ìbéèrè, ẹni tó bá gba 70 nínú 100 máa rí sátífíkéètì gbà, ẹni tí kò bá gbà á lè tún un ṣe.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nípa ẹ̀ ni pé ó ń yí ojú tí lọ́yà fi ń wo nǹkan padà. Àwa tí a ka law, ohun tí a mọ̀ consent sí ni ìwé tí èèyàn fọwọ́ sí. Tí wàhálà bá dé, a ó wá ìwé yẹn, a ó gbé e síwájú adájọ́, ó parí. Module 3.1 ò gba ìyẹn wọlé rárá. Ó máa mú yín lọ díẹ̀díẹ̀, ṣé wọ́n sọ gbogbo ohun tó yẹ kó mọ̀ fún un, ṣé ó yé e, ṣé ọwọ́ ara ẹ̀ ló fi gbà tàbí torí pé dókítà tó ń tọ́jú ẹ̀ náà ló ń bẹ̀ ẹ́ ni, ṣé ó mọ̀ pé òun lè kúrò nínú ẹ̀ nígbà tó bá wu òun láìsí pé ẹnikẹ́ni ń fi ojú burúkú wo òun. Ìfọwọ́sí wá jẹ́ ohun tó kẹ́yìn pátápátá. Mo ti rí ọmọ kan tó ń ṣe LLM (Masters nínú law) tó ka ibẹ̀ tán tó ní òun máa lọ tún chapter kejì project òun kọ, inú mi dùn sí i gan-an.

Ẹ má sáré kọjá Module 1 o. Àwọn kan máa ń rò pé ìtàn lásán ni, wọ́n á fò ó lọ síbi ìbéèrè. Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ ṣe ń kà á, ẹ fi Kano sọ́kàn. Ní 1996, àrùn meningitis, èyí tó máa ń mú ọrùn gan, ń pa ọmọdé ní Kano gidi gan-an, ilé iṣẹ́ apoògùn Pfizer wá gbé oògùn tuntun kan tó ń jẹ́ Trovan débẹ̀, wọ́n dán an wò lára nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọmọ, wọ́n sì fún nǹkan bí ọgọ́rùn-ún míì ní ceftriaxone, oògùn tí wọ́n ti ń lò tẹ́lẹ̀, kí wọ́n lè fi wéra. Ọmọ 11 ló kú, 5 nínú àwọn tó gba Trovan, 6 nínú àwọn tó gba èkejì. Àwọn òbí ní ẹnikẹ́ni ò sọ fún àwọn pé ìdánwò ni, ilé iṣẹ́ náà ní àwọn fi ẹnu sọ fún wọn. Lẹ́tà kan wà tó ní ìgbìmọ̀ ethics ilé ìwòsàn ti gbà kí wọ́n ṣe é, ìgbà tí àwọn oníròyìn wádìí ẹ̀ ni dókítà tó wà nídìí ẹ̀ ní ẹ̀yìn ìgbà tí wọ́n ti ṣe ìdánwò tán ni wọ́n kọ lẹ́tà yẹn tí wọ́n wá fi déètì àtijọ́ sí i, nítorí ilé ìwòsàn náà ò tíì ní ìgbìmọ̀ ethics kankan lásìkò yẹn. Ẹ rò ó wò. Ẹjọ́ yẹn lọ jìnnà, ní 2009 Pfizer gbà láti san mílíọ̀nù 75 dọ́là láti parí ẹ̀ pẹ̀lú ìjọba ìpínlẹ̀ Kano, ọdún yẹn náà ni kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn kan ní New York sọ pé àwọn ẹbí lè pe ẹjọ́ lọ́hùn-ún torí fífi èèyàn dán oògùn wò láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ẹ̀ lòdì sí òfin tí gbogbo ayé fara mọ́.

Ẹ wá wo ohun tí ìyẹn ń kọ́ yín. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ ni tábìlì ìgbìmọ̀ tó yẹ kó wà tí kò sí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ka Module 2.1 sí ọkàn kọ́ọ̀sì yìí. Ibẹ̀ lẹ máa ti rí bí ìgbìmọ̀ ṣe ń ka proposal, ìyẹn ìwé tó sọ bí wọ́n ṣe fẹ́ ṣe ìwádìí náà, ṣé sáyẹ́ǹsì ẹ̀ dúró dáadáa, torí ìwádìí tí kò lè mú èsì kankan jáde, fífi ìyà jẹ èèyàn lásán ni, kí ni ewu tó wà níbẹ̀, ta ni ewu náà máa já lé lórí, ta ni àǹfààní ẹ̀ máa kàn, kí ló dé tó jẹ́ àwọn aláìní inú àdúgbò yìí gan-an ni wọ́n yàn. Ìlànà Good Clinical Practice sọ pé ó kéré tán èèyàn márùn-ún ló yẹ kó wà nínú irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀, pé ó kéré tán ó yẹ kí ẹnì kan nínú wọn jẹ́ ẹni tí iṣẹ́ ẹ̀ kì í ṣe sáyẹ́ǹsì, kí ẹnì kan sì jẹ́ ẹni tí kì í ṣe ti ilé ìwòsàn yẹn. Ẹ̀yin ọmọ law, ẹ̀yin ọmọ philosophy, ẹ̀yin tí ẹ ka ẹ̀kọ́ ìsìn, àga yín nìyẹn. Iṣẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n nínú health law kì í ṣe ká jókòó sí láíbìrì ká máa kọ journal nìkan, ibi tábìlì yẹn ni a ti ń rí ohun tí a máa fi kọ journal.

Ẹ jẹ́ n fi nǹkan kan hàn yín. Wọ́n gbé fọ́ọ̀mù kan wá síwájú ìgbìmọ̀ kan tí mo wà nínú ẹ̀, mi ò ní dárúkọ ibẹ̀, ìwádìí lára àwọn aboyún ni. Fọ́ọ̀mù náà mọ́ tónítóní, lẹ́tà orí ẹ̀ dáa, ibi ìfọwọ́sí wà, ibi ìtẹ̀ka wà fún ẹni tí kò mọ̀wé, ibi ẹlẹ́rìí wà. Inú ẹ̀ wá sọ pé "a máa gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lára yín." Díẹ̀ wo? Ṣé ṣíbí kan ni àbí ife kan? Ìgbà mélòó? Tí ẹ bá yẹ̀ ẹ́ wò tán, ṣé ẹ máa dà á nù ni àbí ẹ máa tọ́jú ẹ̀ sínú fìríìjì kí ẹ wá fi ṣe ìwádìí míì lọ́dún tó ń bọ̀? Màmá kan tó wà nínú ìgbìmọ̀ wa, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni wọn, ni wọ́n wá béèrè èyí tó mú gbogbo wa dákẹ́, wọ́n ní "Tí ọmọ mi bá ní òun ò ṣe, ṣé àwọn nọ́ọ̀sì á ṣì dá a lóhùn bó bá wá sí klíníkì lọ́jọ́ Túsìdeè?" Kò sí i nínú fọ́ọ̀mù yẹn níbì kankan pé ìtọ́jú oyún ẹ̀ ò ní yí padà. A dá a padà fún wọn, wọ́n lọ tún un kọ. Gbogbo ohun tí màmá yẹn béèrè wà nínú Module 3.1, ẹni tó bá ti kà á dáadáa máa mọ ibi tó yẹ kí ojú ẹ̀ kọ́kọ́ lọ.

3.2 dáa, ṣùgbọ́n àwọn tó ń ṣe clinical trial gan-an, ìyẹn ìdánwò oògùn lára èèyàn, ló wúlò fún jù, ẹ̀yin lọ́yà, ẹ kà á kẹ́ ẹ lè mọ èdè tí wọ́n ń sọ, ó tó bẹ́ẹ̀.

Ó wá ku ibi tó mọ. Ìwádìí ni TRREE dá lé, òun fúnra ẹ̀ ò sì sọ pé òun ju ìyẹn lọ. Àmọ́ ẹni tó fẹ́ kọ́ èèyàn ní health law àti medical ethics ò lè dúró síbi ìwádìí nìkan, torí ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ ló wà ní wọ́ọ̀dù tí kò sí ìwádìí kankan níbẹ̀. Nípa ìyẹn, ẹjọ́ tí mo máa ń fún wọn kà mọ́ ọn ni ti Dókítà Okonkwo tí Supreme Court Nàìjíríà dá ní 2001. Obìnrin ọmọ ọdún 29 kan tó jẹ́ Ẹlẹ́rìí Jèhófà ṣàìsàn lẹ́yìn ìgbà tó bímọ tán, ó ní òun ò gba ẹ̀jẹ̀, ilé ìwòsàn tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e lọ ní kí wọ́n máa gbé e lọ, Dókítà Okonkwo gbà á, ó tọ́jú ẹ̀ láìfún un ní ẹ̀jẹ̀, obìnrin náà wá kú. Tribunal àwọn dókítà dá a lẹ́bi, wọ́n ní kó lọ rọ́kún nílé fún oṣù 6. Ó pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ó jàre, ìgbà tó dé Supreme Court ó tún jàre. Adájọ́ Ayoola ló kọ ìdájọ́ tó léwájú, ohun tó wà nínú ẹ̀ ni pé àgbàlagbà tí orí ẹ̀ pé ní ẹ̀tọ́ láti ní òun ò gba ìtọ́jú kan, dókítà ò sì lè fi tipátipá fún un. Mo máa ń ní káwọn ọmọ kà á tán kí wọ́n wá jà á fún mi ní kíláàsì, kí apá kan dúró ti tribunal, kí apá kan dúró ti dókítà. Wọ́n máa ń pariwo gan-an lọ́jọ́ yẹn.

Ẹ tún ka National Health Act ti 2014, òfin ìlera Nàìjíríà, fúnra yín, ẹ má dúró de ẹni tó máa ṣe àlàyé ẹ̀. Section 20 sọ pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ kọ aláìsàn pàjáwìrì sílẹ̀. Section 23 ní kí wọ́n sọ fún aláìsàn bí ara ẹ̀ ṣe wà, irú ìtọ́jú tó wà, ewu ẹ̀, iye tó máa ná an, kí wọ́n sì sọ ọ́ ní èdè tó gbọ́ níbi tó bá ti ṣeé ṣe. Section 26 wà fún àṣírí aláìsàn. Section 32 ló wá so mọ́ TRREE, ó ní ìwádìí lára èèyàn gbọ́dọ̀ ní consent tí wọ́n kọ sílẹ̀. Ẹ fi National Code of Health Research Ethics ti 2007, ìlànà Nàìjíríà fún ìwádìí ìlera, kún un. Ẹni tó bá ka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, kọ́ọ̀sì yẹn, òfin yẹn, Code yẹn, ẹjọ́ yẹn, ti ní ohun tó lè gbé lọ síwájú àwọn tó ń ṣe ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò fún Masters. Kò sì pọn dandan kó jẹ́ London o, Yunifásítì Ìbàdàn ní ètò bioethics tiẹ̀, inú ètò West African Bioethics tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Clement Adebamowo darí ló ti bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú owó NIH, ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń náwó sí ìwádìí ìlera.

Ohun kan wà tó ń dùn mí, kì í sì í ṣe ẹ̀bi kọ́ọ̀sì náà. Àwọn kan ti ń pín ìdáhùn ìbéèrè ẹ̀ lórí WhatsApp. Wọ́n á kọ ìdáhùn sí i láìka ẹyọ kan, wọ́n á print sátífíkéètì, wọ́n á so ó mọ́ proposal, ó di pé ìgbìmọ̀ rí ìwé. Ẹ̀yin ọ̀gá tí ẹ ń ṣe supervisor, mo bẹ̀ yín, ẹ má kàn gba sátífíkéètì lọ́wọ́ ọmọ kẹ́ ẹ fi sínú fáìlì, ẹ bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo, ẹ ní kó sọ ohun tó máa sọ fún aláìsàn tó bá ní òun ò ṣe mọ́. Lẹ́nu ẹ̀ lẹ máa ti mọ̀ bóyá ó kà á.

Ẹ̀yin ará wa ní Kútọnu, Pọ́tónófò àti Lómè, French wà níbẹ̀, ẹ ò ní láti fi English yọ ara yín lẹ́nu. Nígbà tí ẹ bá ń forúkọ sílẹ̀, orúkọ tó wà lórí ìwé yín gan-an ni kí ẹ kọ, kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ìnagijẹ, torí òun ló máa jáde lórí sátífíkéètì. Ẹ ṣe Module 1, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ lé 3.1 kí ẹ tó wá sí 2.1, mo ti rí i pé ó máa ń yé àwọn ọmọ law jù bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá sì ní fọ́ọ̀mù consent kan lọ́wọ́ tó ń rú yín lójú, ẹ yọ orúkọ ilé ìwòsàn àti ti èèyàn kúrò lára ẹ̀, kí ẹ fi ṣọwọ́ sí mi, a máa jọ kà á.