Irúgbìn pansy ní Ìbàdàn: àgbéyẹ̀wò lẹ́yìn ìgbìn mẹ́ta

Inú oṣù Kejì ọdún 2023 ni mo ra àpò bébà kékeré kan, tí irúgbìn òdòdó pansy 40 wà nínú rẹ̀, ní 2,500 náírà lọ́wọ́ ẹnì kan tí ń ta òdòdó lẹ́bàá títì ní Bódìjà. “Ẹ̀gbọ́n, òdòdó yìí le gan-an, ìrì dídì pàápàá kì í pa á,” ni ó wí. Èmi náà sì bi ara mi pé, ohun tí irú òtútù bẹ́ẹ̀ kò bá pa, kí ni yóò tún pa á?

Oòrùn Ìbàdàn ni. Ìlànà tí wọ́n tẹ̀ sẹ́yìn àpò náà ní kí á gbin irúgbìn sínú ilé ní oṣù Kejì, kí á sì gbé e síta nígbà tí òtútù bá ń kásẹ̀ nílẹ̀. Àwọn ará Yúróòpù ni èyí bá mu. Lọ́dọ̀ tiwa, àárín ẹ̀ẹ̀rùn ni oṣù Kejì, tí ooru ọ̀sán ń tó nǹkan bí 34 ní ìwọ̀n Celsius, bẹ́ẹ̀ sì ni ilẹ̀ tútù, nǹkan bí 18 sí 21, ni pansy ń fẹ́ kí ó tó hù dáadáa. Nínú mẹ́wàá tí mo gbìn, méjì péré ló yọrí, àwọn náà sì rọ kí oṣù Kẹta tó parí.

Mo wá gbójú lé ọyẹ́. Mo gbin mẹ́wàá mìíràn ní oṣù Kejìlá, nítorí pé òwúrọ̀ ọyẹ́ a máa tutù débi tí ènìyàn yóò fi wá ẹ̀wù òtútù, n kò sì ro ti ọ̀sán mọ́ ọn. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ a ti fa omi inú ewé tán kí n tó ti ibi iṣẹ́ dé. Mẹ́fà hù, ṣùgbọ́n ìkankan kò tanná.

Àṣé oṣù Keje àti oṣù Kẹjọ ni ọ̀sán Ìbàdàn máa ń tutù jù lọ, nígbà tí ìkúukùu bá bo oòrùn, tí ooru kì í sábà kọjá 28. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2024, mo gbin mẹ́wàá sínú ọ̀rá dúdú ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí òjò má baà lù wọ́n, mo sì fi iyẹ̀pẹ̀ bò wọ́n díẹ̀, nítorí pé inú òkùnkùn ni irúgbìn yìí ti ń hù dáadáa. Mẹ́jọ yọ láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá. Ní ìparí oṣù Kẹwàá, mo ṣí wọn lọ sí ìhà ìlà-oòrùn ilé, níbi tí oòrùn àárọ̀ ti ń bá wọn, tí ògiri sì ń ṣíji bò wọ́n lọ́sàn-án. Wọ́n tanná ṣáájú Kérésìmesì, aláwọ̀ àlùkò àti aláwọ̀ ìyeyè, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n kéré ju ti inú àwòrán lọ, tí ooru oṣù Kejì sì pa wọ́n run.

Mo fún irúgbìn náà ní ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún, mo sì fún ìlànà ẹ̀yìn rẹ̀ ní ẹyọ kan. Ìyàwó mi ń béèrè ìdí tí n kò fi gbin ixora bí àwọn aládùúgbò wa, nítorí pé ìyẹn kì í bi ẹnikẹ́ni léèrè oṣù tí a wà. Mẹ́wàá tó ṣẹ́kù wà nínú ike ọlọ́mọrí nínú fíríìjì. Mo ti fi bírò fagi lé “oṣù Kejì” lẹ́yìn àpò náà, mo sì kọ “oṣù Kẹjọ” sí i.