Ojú òpó ìwárí OFAC: orúkọ wà níbẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ ni kò sí

Ẹgbẹ́ kékeré kan ni mo ń ṣe akápò fún, iṣẹ́ wa sì ni kí a dá owó jọ fún àwọn tí ogun lé kúrò nílé ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà. Kí a tó fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́, ó di dandan kí a mọ̀ bóyá ẹni tí yóò gbà á wà lára àwọn tí ìjọba Amẹ́ríkà ti gbẹ́sẹ̀ lé dúkìá wọn. Ojú òpó Sanctions List Search, tí ẹ̀ka OFAC ní ilé iṣẹ́ ìṣúná Amẹ́ríkà dá sílẹ̀, ni mo fi ń wò ó. Ọ̀fẹ́ ni, kò sì béèrè ìforúkọsílẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ fiyè sí ni àmì kan tí wọ́n pè ní Minimum Name Score. Orí 100 ni ó máa ń wà tí ẹ bá ṣí ojúewé náà, ìyẹn ni pé orúkọ tí ẹ tẹ̀ gbọ́dọ̀ bá tiwọn mu régí kí ó tó jáde. Àwa tí à ń rí Ṣẹ́gun tí wọ́n kọ ní Segun lónìí, tí wọ́n tún kọ ní Shegun lọ́la, mọ̀ pé èyí kò lè tó, pàápàá fún orúkọ Lárúbáwá àti ti Tigrinya, èdè tí wọ́n ń sọ ní Ẹritrẹ́à àti ní àríwá Ethiópíà. Ẹ fà á wálẹ̀ sí nǹkan bí 85, yóò wá máa kó àwọn orúkọ tó jọra ní lẹ́tà àti ní ìró jáde, pẹ̀lú iye máàkì tí ó fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Apá yìí dára púpọ̀.

Ibi tó kù sí ni ẹ̀ṣẹ̀ tí onítọ̀hún dá. Kóòdù ni ẹ máa rí, irú bí ETHIOPIA-EO14046. Ó ń tọ́ka sí àṣẹ tí Ààrẹ Joe Biden fọwọ́ sí ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021 nítorí ogun Tigray, ìpínlẹ̀ kan ní àríwá Ethiópíà, dídí ọ̀nà ìrànwọ́ mọ́ aráàlú sì wà lára ohun tí àṣẹ náà torí rẹ̀ ń fìyà jẹni. Lásìkò náà, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní 100 ọkọ̀ akẹ́rù ló yẹ kí ó máa wọ Tigray lójúmọ́, èyí tó ń wọlé kò sì sún mọ́ ọn rárá. Àṣẹ náà kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ìjọba Ethiópíà fi lé òṣìṣẹ́ àgbà àjọ náà méje jáde. Ta wá ni wọ́n kọ sílẹ̀ nígbà tó di ọjọ́ 12 oṣù Kọkànlá? Iléeṣẹ́ ológun Ẹritrẹ́à, orílẹ̀-èdè tó múlé ti Ethiópíà tí ó sì bá a jagun ní Tigray, ẹgbẹ́ òṣèlú tó ń ṣàkóso níbẹ̀, iléeṣẹ́ méjì tó so mọ́ ẹgbẹ́ náà, àti ọkùnrin méjì tí wọ́n jẹ́ ọmọ Ẹritrẹ́à pẹ̀lú. Kò sí aláṣẹ Ethiópíà kan ṣoṣo níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ ìjọba Ethiópíà ni ìwé àṣẹ tí àwọn awakọ̀ tírélà ń dúró dè wà. Ẹni tó bá gbójú lé kóòdù yẹn nìkan yóò rò pé gbogbo wọn ló dúró lójú títì tí wọ́n ń dá oúnjẹ padà.

Àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà gbé àbá jáde tí ì bá fi dandan lé fífi ìyà jẹ ẹni tó bá dí ìrànwọ́ lọ́wọ́ ní Ethiópíà, ṣùgbọ́n kò di òfin.

Mo tún fẹ́ kí àbájáde ìwárí máa tọ́ka sí ìwé ìyọ̀ǹda tó bá àṣẹ kọ̀ọ̀kan rìn. Ọjọ́ kan náà tí àṣẹ ti Ethiópíà jáde ni wọ́n ti yọ̀ǹda fún àwọn àjọ aláàánú, oúnjẹ àti oògùn, àmọ́ ojúewé ọ̀tọ̀ ni ìyẹn wà. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe kékeré: nígbà ìyàn Sòmálíà, tó pa èèyàn bí 260,000 láàárín ọdún 2010 sí 2012, al-Shabaab, ẹgbẹ́ agbésùmọ̀mí tí òfin Amẹ́ríkà kà léèwọ̀ láti ràn lọ́wọ́, ń lé àwọn aláàánú, àwọn aláàánú tún ń bẹ̀rù òfin Amẹ́ríkà.

Mo fún un ní ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún. Ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá orúkọ kan wà níbẹ̀ kò ní kábàámọ̀ rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ mọ ohun tí onítọ̀hún ṣe ní láti lọ ka ìkéde tí ilé iṣẹ́ ìṣúná fi síta lọ́jọ́ tí wọ́n kọ orúkọ náà sílẹ̀.