Ilé ìwòran tó ń fi rọ́gíbì Japan hàn ní Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn rọ́gíbì, ilé ìwòran bọ́ọ̀lù kan wà nítòsí Fọlágbadé tó máa ń ṣílẹ̀kùn ní kùtù Sátidé nítorí líìgì Japan, torí wákàtí 8 ni wọ́n fi ṣáájú wa, eré ọ̀sán wọn, àárọ̀ kùtù tiwa nìyẹn. Owó ìwọlé ò gani lára, tíì wà, búrẹ́dì wà, ìkòkòrò náà wà. Bẹ́ńṣì yẹn le jàre, jẹnẹrétọ̀ sì ń pariwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

Àmọ́ bọ́ọ̀dù wọn! Bọ̀dá tó ni ibẹ̀ á kọ orúkọ àwọn tó fẹ́ ṣeré, á fi A, B tàbí C síwájú ẹnì kọ̀ọ̀kan, bí líìgì yẹn ṣe pín wọn. A làwọn tó lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣeré fún Japan, B làwọn àlejò tí ò tíì ṣe fún ìlú kankan tí wọ́n ṣì lè di ti Japan, C làwọn tó ti ṣe fún ibòmíì, mẹ́ta péré nínú àwọn C yìí ni ẹgbẹ́ kan sì lè ní lórí pápá pọ̀. Richie Mo'unga àti Shannon Frizell tí wọ́n bá ẹgbẹ́ Brave Lupus gba ife líìgì náà ní 2024 àti 2025, C ni àwọn méjèèjì, torí wọ́n ti ṣe fún New Zealand, Cheslin Kolbe ọmọ South Africa tó ti ṣe fún ẹgbẹ́ Sungoliath náà, C ni. Ìgbà tí mo rí bọ́ọ̀dù yẹn ló tó yé mi ìdí tí ọ̀gá ẹlẹ́sẹ̀ ayò kan fi ń jókòó síta nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń jìyà.

Àwọn aláṣẹ líìgì náà tún ti ṣòfin pé láti sáà 2026 sí 2027 àwọn á pín A sí méjì, wọ́n á máa wo bóyá èèyàn ka ọdún 6 ó kéré tán nínú ẹ̀kọ́ kàn-ń-pá Japan, ìyẹn prámárì àti JSS tiwọn. Pé kí ọmọ ilé ráyè ṣeré, ó dáa, ṣùgbọ́n ó dùn mí gan-an ni. Michael Leitch, New Zealand ni wọ́n bí i sí, ọmọ ọdún 15 ló dé Japan, òun náà ni kápútẹ̀ẹ̀nì Japan lọ́jọ́ tí wọ́n na South Africa 34 sí 32 lọ́dún 2015. Ọmọ tó bá dé lónìí ní irú ọjọ́ orí yẹn, ibo ló ti fẹ́ rí ọdún 6 kà? Ẹni tó ti fi gbogbo agbára ẹ̀ sin ìlú, ẹ má bi í níbi tó ti ka ABD mọ́, ẹ jọ̀ọ́.

Bọ̀dá, tí sáà yẹn bá dé, ẹ bá wa fi ìpín tuntun náà sórí bọ́ọ̀dù, kẹ́ ẹ sì gbé jẹnẹrétọ̀ yẹn sẹ́yìnkùlé.