Oṣù Mẹ́jọ Pẹ̀lú Ilé-Iṣẹ́ Tí Ó Ń Bá Dókítà Wá Iṣẹ́ Locum ní Ìlú Ọba

Oṣù mẹ́jọ gbáko ni ilé-iṣẹ́ kan ní Ìlú Ọba fi bá mi wá iṣẹ́ adelé dókítà, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí locum, ní àwọn ilé ìwòsàn NHS, ìyẹn ètò ìlera ìjọba ibẹ̀. N kò ní dárúkọ wọn. Kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ, ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Nàìjíríà, bí físà yín bá so yín mọ́ ilé ìwòsàn kan, ọ̀rọ̀ yìí kò tíì kàn yín. Èmi fúnra mi dúró títí mo fi gba ìwé ìgbélùú tí kò ní gbèdéke kí n tó bá wọn dòwò pọ̀.

Ètò ìwé ni wọ́n ti dáńtọ́ jù. Yàtọ̀ sí ìforúkọsílẹ̀ GMC, ìgbìmọ̀ tí ó ń fún dókítà ní àṣẹ iṣẹ́ ní Ìlú Ọba, wọ́n ní kí n mú ìwé DBS wá, tí ó fi hàn pé n kò ní ẹ̀sùn ọ̀daràn lọ́rùn, pẹ̀lú ẹ̀rí pé mo ti gba àjẹsára hepatitis B. Ìbàdàn ni wọ́n ti fi ọwọ́ kọ káàdì àjẹsára mi, yíǹkì rẹ̀ sì ti ń ṣí. Obìnrin tí ó ń bójú tó fáìlì mi tẹjú mọ́ ọn, kò bá mi jiyàn, ó kàn ní kí n lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí yóò fi hàn bóyá àjẹsára náà ṣì wà lára mi. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, gbogbo rẹ̀ ti parí.

Ìlú kékeré kan ní àríwá Ẹ́ńgláǹdì ni wọ́n kọ́kọ́ rán mi lọ fún iṣẹ́ òru. Nígbà tí mo dé wọ́ọ̀dù ní aago mẹ́jọ alẹ́, ẹnikẹ́ni kò tíì fún mi ní ohun tí n óò fi wọlé sórí kọ̀ǹpútà, bẹ́ẹ̀ a ń retí èsì potassium bàbá àgbàlagbà kan. Nọ́ọ̀sì ni ó bá mi wò ó lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀, mo sì kọ òǹkà náà sí ẹ̀yìn ọwọ́ mi. Mo pe ilé-iṣẹ́ náà. Wọ́n gbé fóònù lóòótọ́, wọ́n ní ilé ìwòsàn ni ó yẹ kí ó ti ṣe é. Wọn kò parọ́, ṣùgbọ́n kí ni ó kan aláìsàn nínú ẹjọ́ yẹn?

Owó gan-an ni ó dá ìjà sílẹ̀. Iye tí wọ́n ń polówó fún wákàtí kan kì í ṣe iye tí yóò wọ àpò. Ilé-iṣẹ́ agbedeméjì kan, tí à ń pè ní umbrella company, ni owó náà ń gbà kọjá. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ National Insurance ti agbanisíṣẹ́, ìyẹn owó tí agbanisíṣẹ́ ń san fún ìjọba lórí owó òṣìṣẹ́, èyí tí ó kúrò ní 13.8 di 15 nínú ọgọ́rùn-ún ní oṣù kẹrin ọdún 2025, kí wọ́n tó yọ èrè tiwọn, kí wọ́n tó wá kan owó orí mi. Kò sí ẹni tí ó là á yé mi títí mo fi rí ìwé owó àkọ́kọ́. Lẹ́ẹ̀kan, wọ́n tún dá ìwé wákàtí mi padà nítorí pé n kò kọ ìsinmi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí i, ìsinmi tí n kò tilẹ̀ ráyè gbà. Ọjọ́ mẹ́wàá ni owó náà fi pẹ́ sí i.

Mo gbọ́dọ̀ yin ilé-iṣẹ́ tí ó ń bá mi wá iṣẹ́ fún ohun kan. Ọdún márùn-ún márùn-ún ni GMC ń tún àṣẹ dókítà yẹ̀ wò, àyẹ̀wò ọdọọdún ni wọ́n sì fi ń gbé e ró, èyí tí ó máa ń ni dókítà tí kò ní ilé ìwòsàn kan pàtó lára. Ilé-iṣẹ́ náà wá ẹni tí ó ṣe tèmi, wọn kò gba kọ́bọ̀.

Ní báyìí, bank ti ilé ìwòsàn fúnra rẹ̀, ìyẹn àkójọ àwọn òṣìṣẹ́ tí ilé ìwòsàn máa ń pè fúnra rẹ̀ fún iṣẹ́ adelé, ni mo kọ́kọ́ máa ń wò, nítorí pé owó ìfẹ̀yìntì NHS wà nínú rẹ̀, kò sì sí nínú ti àwọn wọ̀nyí. Bí bank kò bá ní òru tí mo fẹ́, mo máa ń pe obìnrin tí ó ka káàdì Ìbàdàn mi, n óò sì béèrè iye tí yóò wọ àpò kí n tó gbà.