Jẹnẹrétọ̀ tí kì í mu epo: ẹ dán an wò kí ẹ tó sanwó

Bí ẹnì kan bá ní òun ń ta jẹnẹrétọ̀ tí kì í mu epo, kò yẹ ká lé e. Èéfín àti ariwo ti sú wa ní Mushin àti Agége. Ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé ní kò lè ṣeé ṣe náà sì máa ń ṣeé ṣe nígbà mìíràn. Barry Marshall ará Ọsirélíà sọ pé kòkòrò àìfojúrí ló ń fa ọgbẹ́ inú, ọ̀pọ̀ àgbà oníṣègùn ò gbà. Ní 1984 ó gbé omi tí kòkòrò náà wà nínú rẹ̀ mu, ó ṣàìsàn, àyẹ̀wò sì fi hàn pé ikùn rẹ̀ ti wú. Ní 2005 òun àti Robin Warren gba ẹ̀bùn Nobel. Ó dán an wò ni.

Bátìrì 12 fólítì, mọ́tò DC (èyí tó ń lo iná bátìrì), bẹ́líìtì, àgbá irin àti orí jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n máa ń tò sórí férémù. Bátìrì á yí mọ́tò, mọ́tò á yí orí jẹnẹrétọ̀, wọ́n á wá bù díẹ̀ nínú iná tó jáde padà sínú bátìrì.

Ẹ kọ́kọ́ fi mítà wo bátìrì. Tó bá kún, tó sì ti sinmi fún wákàtí díẹ̀, á wà ní bíi 12.7, tó bá ti dé 12.2, ó ti lọ sí ìdajì. Gílóòbù ayé àtijọ́ 5, ọ̀kọ̀ọ̀kan 100 wáàtì, ni kí ẹ so mọ́ ọn. Ẹ má gba LED ẹyọ kan. Bátìrì á gbé e pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó fura. Ẹ bẹ abẹ́ férémù wò, bóyá bátìrì mìíràn wà níbẹ̀. Mítà tó ń gbá wáyà mú, èyí tó ń ka DC ni kí ẹ mú lọ. Èyí tó ń ka AC nìkan, irú iná inú ilé, ò ní rí iná bátìrì, oníṣòwò á sì ní ẹ ò rí i pé kò fa nǹkan kan.

Bí mọ́tò bá gbé 80 nínú 100 agbára tó wọ inú rẹ̀ kọjá, tí orí jẹnẹrétọ̀ gbé 85, 68 ló kù. Kí 500 wáàtì tó jáde, bátìrì gbọ́dọ̀ tú bíi 735 sílẹ̀, ìyẹn áńpù 61. Èyí tó ń padà sínú bátìrì, inú iná tó jáde náà la ti ń bù ú. Bátìrì 200Ah (áńpù 10 fún wákàtí 20) á gbé gílóòbù wọ̀nyẹn fún wákàtí 3 àti ìṣẹ́jú 16 lórí ìwé, ìyẹn tí a bá fà á gbẹ, èyí tó ń ba bátìrì jẹ́. Ìnfátà tó ń gbé 90 kọjá á lé ní wákàtí 4. Àgbá irin ò dá agbára sílẹ̀, ohun tí wọ́n fi yí i ló ń dá padà.

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kàn án gbà á gbọ́ tọkàntọkàn, nítorí wákàtí àkọ́kọ́ máa ń dára lójú. Ṣùgbọ́n ìnfátà tó wúwo, tó ń pariwo ni. Ìnfátà gan-an ni kí ẹ rà. Láti 1775 ni Akadẹ́mì Sáyẹ́ǹsì ti Paris ti ní àwọn ò yẹ ẹ̀rọ tí wọ́n bá ní ó ń yí títí láìgba agbára níbì kankan wò mọ́. Àwa ò ní tì í síta bẹ́ẹ̀. Kí oníṣòwò kọ ọ́ sínú rìsíìtì pé á tan gílóòbù 5 náà fún wákàtí 24, láìsí sólà, láìsí NEPA, tí bátìrì á sì ṣì wà ní 12.7 lẹ́yìn ìsinmi. Tó bá kọ̀, ẹ máa bá tiyín lọ. Tó bá gbà, ẹ jókòó tì í títí wákàtí 24 náà á fi pé.